Àlàáfíà Tí Mo Sọ ní Bẹẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti dàgbà, kó má wulẹ̀ wo dígí. Kó lọ ra ínṣọ́ránsì ìrìn-àjò.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ń pè mí sí Kánádà. Ó ti pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wá ọmọ, kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn lọ́dún yìí, tí oyún sì dúró. Ó ní kí n wá bá òun gbé fún oṣù mẹ́fà, kí ojú mi wà níbẹ̀ nígbà tí òun bá ń bímọ, kí n sì máa bá òun wẹ ọmọ. Físà ti jáde. Ọkọ rẹ̀ ti san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, kí èmi náà lè sọ pé mo ṣe nǹkan, ni ínṣọ́ránsì, ìyẹn ìwé tó máa bá mi san owó ilé ìwòsàn bí ara mi bá yọnu lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn, tó bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, gbèsè ló ń sùn lé.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀bá ọ̀nà Òjé ní Ìbàdàn ni mo ti ran yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ará Àrẹ̀mọ, títí ojú mi fi kọ̀ láti máa rí ihò abẹ́rẹ́. Mo mọ ọjà ná. Ṣùgbọ́n ọjà yìí kò ṣeé ná. Ní ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, mo ní mo ti lé ní àádọ́rin, ó sì mi orí bí èmi náà ṣe máa ń mi orí tí wọ́n bá gbé ṣòkòtò tó ti ya kọjá àtúnṣe wá fún mi. Iye tó pè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ọkọ̀ òfuurufú gan-an ló ń tà. Ilé-iṣẹ́ kejì ní àwọn kì í ta ju oṣù kan lọ fún arúgbó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde, mo sì ń bá ara mi jà lójú ọ̀nà nítorí ọ̀rọ̀ arúgbó yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti Bẹẹrẹ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù. Ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé ló wà nídìí tábìlì. Bó ti rí mi tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fa àga fún mi, ó sì bu omi fún mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí. Ó bi mí níbi tí mò ń lọ àti iye oṣù tí mo fẹ́ lò. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ mi lóyún, ó ṣàdúrà fún un kó tó tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ wa ń lọ geere bí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ.

"Ara yín ńkọ́, mà?" ló wí. "Ṣé ara le dáadáa? Kò sí àìsàn kankan, àbí?"

"Alihamudulilahi," ni mo wí. "Àlàáfíà ni. Bá mi dúpẹ́."

"A dúpẹ́, mà," lòun náà wí, ó sì tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Bí ẹnì kan bá bi yín léèrè ara yín, kí lẹ máa ń sọ? Mo ti kí ọkùnrin tí wọ́n fi omi sí lápá ní ilé ìwòsàn rí, tí kò lè gbé orí sókè, ó ní ara ti mókun. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá wí fún ọgbọ́ ni ọgbọ́ ń gbọ́, nítorí náà ẹnu wa kì í pe àìsàn mọ́ ara wa. Ìbéèrè ọmọ yẹn dé etí mi bí ìkíni, mo sì kí i padà. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mò ń purọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí dókítà ìjọba ti sọ fún mi. Inú agolo mílíìkì ni mò ń kó oògùn rẹ̀ sí, lábẹ́ àwọn róòlù òwú, kò sì sí ọmọ Ádámọ̀ kankan nílé tó mọ̀. Ọmọ mi pàápàá kò mọ̀. Tó bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tó bi mí pé ara ńkọ́, ìdáhùn mi ò yàtọ̀ sí èyí tí mo fún ọmọ Bẹẹrẹ. Ẹni tó wà ní òkè òkun tí kò lè fò wálé, kí n máa ro àìsàn fún un kó lè ṣe kí ni? Kó máa sunkún nínú yìnyín?

Iye tí ọmọ náà pè, mo lè san án nínú owó àjọ mi. Inú mi dùn. Mo ní lọ́jọ́ Ajé ni màá gbé owó náà wá, mo dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí.

"Ẹ má bínú, mà, ó yẹ kí n sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, wọ́n máa wádìí yín délé níbí. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ ti ní bíipí tàbí ṣúgà tẹ́lẹ̀, tí ẹ ò sì sọ, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ yín ni ilé ìwòsàn máa kọjú sí."

"Ẹni tó bá wá ní i ńkọ́?"

"Tiwọn wà lọ́tọ̀, mà. Ó wọ́n gan-an. Wọ́n sì máa mú ìwé dókítà wá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ara yín le."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mo dúró lábẹ́ òkè Mápó, mo fi ọwọ́ ti ògiri, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè lé mi lórí. Bí mo bá sọ òtítọ́, owó mi ò ní ká a, ọmọ mi á bímọ láìsí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ yìí sì gbé mi ṣubú nínú ilé rẹ̀, èmi tí mo lọ gbé ọmọ fún un ni màá di ẹrù tí yóò gbé títí ọmọ náà yóò fi gbọ́njú. Mo gba ọ̀nà Ọjà'ba padà sílé. Àwọn ènìyàn ń kí mi láti inú ìsọ̀ wọn, wọ́n ń bi mí pé, "Ìyá Télọ̀, ara ńkọ́?" Mo ń dá wọn lóhùn pé àlàáfíà ni.

Àlájà kan wà ní agboolé kejì sí tiwa ní Àrẹ̀mọ. Ó jù mí lọ díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú òyìnbó, ó sì dé kí oṣù tó yẹ kó lò tó pé. Gbogbo wa la lọ kí i. Ó ní àlàáfíà lòun bá dé, òtútù ló lé òun. A lá súìtì tó kó bọ̀, a ṣàdúrà, a sì padà sílé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ran bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì rí i pé ó ti sọ̀ ní apá òsì, pé ọwọ́ aṣọ ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Ọwọ́ aṣọ tí mo bá ran kì í gùn ju ara wọn lọ. Èjìká ló ti ṣubú. Mo rí i, mo sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ tí mo ti Bẹẹrẹ dé, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo lọ bá a. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣà á. Ti òsì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìborùn bò ó.

"Àlájà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ara ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá Télọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́."

"A dúpẹ́."

Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀. Mo ti mọ̀ pé bí mo bá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, àlàáfíà kan náà ni yóò fi lé mi padà. Nítorí náà, tèmi ni mo kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, Àlájà. Ó ti pẹ́. Wọ́n sì bi mí lónìí níbi tí mo ti fẹ́ ra ínṣọ́ránsì, mo ní ara mi le."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ẹ ti sanwó?"

"Ó di ọjọ́ Ajé."

"Ẹ má san án."

Ó wá rọra sọ ọ́ fún mi. Ife tíì ló bọ́ lọ́wọ́ òun ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ilé ọmọ òun, nígbà tí òun sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa àfọ́kù rẹ̀, òun ò rí ọwọ́ lò. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Àwọn oníínṣọ́ránsì kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ti ń gba oògùn ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwòsàn náà sì sọ òtítọ́ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn àwọn oníínṣọ́ránsì mọ́.

"Ọmọ mi tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọkọ̀ ló tún ń wà fún àwọn èèyàn di ìdájí," ló wí. "Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ì bá sàn fún mi. Tó bá pè mí báyìí, mo máa ń bi í pé ara ńkọ́."

"Kí ló máa ń sọ?"

"Àlàáfíà ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Ọmọ tí mo kọ́ ni."

Mo dé ilé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo gbé fóònù. Oòrùn ò tíì wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Èmi kì í pe ọmọ mi, òun ló máa ń pè mí, nítorí náà bó ti gbé e báyìí, ìpayà ló wà nínú ohùn rẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan," ni mo wí. Àṣà burúkú. Mo tún un sọ. "Nǹkan wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ mí lẹ́nu, mò ń lo oògùn. Mi ò sọ fún ẹ. Mi ò sì sọ fún oníínṣọ́ránsì. Bí mo bá sọ fún wọn, bóyá mi ò ní lè wá mọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni yóò kọ́kọ́ sọ, tàbí pé yóò bínú sí mi.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọdún mẹ́fà."

"Màámi, wọ́n bi mí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìgbà tí mo lọ fi orúkọ oyún yìí sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wa. Mo ní rárá. Mo ní ara ìyá mi le ju tèmi lọ."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Báwo lara rẹ?" ni mo wí. "Má kí mi o. Dá mi lóhùn."

Ó ní orí ń fọ́ òun láti ìjẹta. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, pé nígbà mìíràn òun ń rí nǹkan tó ń tàn yanranyanran lójú òun, ṣùgbọ́n òun rò pé oyún ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, mo yìn ín pé oyún yìí bá a lára mu. Èmi tí mo mọ èjìká Àlájà láti inú aṣọ. Fóònù kì í gbé ẹsẹ̀, ojú nìkan ló ń gbé, ojú náà sì ti sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́.

"Pe ọkọ rẹ. Ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí."

"Màámi, ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá ò tíì..."

"Dìde. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní i."

Ó pa fóònù. Mo gbé fóònù náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì jókòó tì í. Ìlú ń pariwo lọ́wọ́ níta, àwọn ọlọ́jà ń ti Oríta-mẹ́rin bọ̀ wálé, ẹnì kan ń lọ ata ní agboolé kejì. Mo kí ìrun Mọgaríbì, mi ò sì lè sọ fún yín ohun tí mo kà níbẹ̀. Mo ti gbẹ̀bí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí lójú ọ̀nà, nígbà tí wọn ò rí ọkọ̀, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Lọ́jọ́ yìí, mi ò lè de ìborùn mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ikú tèmi mọ́. Mo ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan, tó dùn tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń bá mi dúpẹ́ lé lórí, ló fẹ́ pa ọmọ mi.

Ọkọ rẹ̀ ló pè. Ó ní wọ́n ti dá a dúró ní ilé ìwòsàn, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè débi tí dókítà fi sáré, pé wọ́n ti fún un ní oògùn. Ó ní ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń lù. Ó ní àwọn dókítà ò fẹ́ kí ọmọ náà tíì jáde, nítorí ó kéré, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ náà ò bá gbọ́ràn, wọ́n máa gbé e jáde. Mo ní kó fún un ní fóònù. Ó ní ó ń sùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá oorun lóòótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé mo padà sí Bẹẹrẹ. Ọmọbìnrin yẹn tún kúnlẹ̀ kí mi, ó tún bi mí léèrè ara mi. Mo ní kó jókòó ná. Mo kó àwọn oògùn mi jáde láti inú àpò, mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mà," ló wí, "ẹ ní àlàáfíà ni."

"Mo kí ẹ ni, ọmọ mi. Mi ò dá ẹ lóhùn."

Ó wò mí, ó wo àwọn oògùn náà, ó sì pa ohun tó ti tẹ̀ rẹ́. A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tó yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n lè rí iye rẹ̀, mo ní kó yí i padà. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì, mo sì fi kún owó àjọ, síbẹ̀ kò ká oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì ló ká. Mo gbà á. Dókítà ìjọba kọ ìwé fún mi, ó ní bí mo bá ń lo oògùn mi bó ṣe yẹ, mo lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó bá mi wí pé kí ló dé tí n kì í mú ẹnì kankan nínú ẹbí mi wá rí òun. Mo gba ìbáwí náà.

Ẹrù mi ti wà ní dídì báyìí, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ṣì wà ní ilé ìwòsàn, ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láràárọ̀ kí fóònù tó dún. Lánàá òun fúnra rẹ̀ ló pè. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, dókítà wà níbí. Ó ní kí n bi yín. Ìyá tiyín ńkọ́? Kí ló pa wọ́n?"

Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni mo ṣì jẹ́ nígbà tí ìyá mi kú. Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àgbàlá ló ń gbá, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ìyàwó kékeré bàbá mi ni wọ́n nàka sí, obìnrin náà sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kí wọ́n tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Èmi náà wà lára àwọn tí kò kí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ mo rántí pé ìyá mi máa ń fi ọ̀já di orí rẹ̀ pinpin lọ́sàn-án, á ní oòrùn ló pọ̀.

Mo sọ fún ọmọ mi pé ó ṣubú lójijì. Mo sọ ti ọ̀já fún un. Mo gbọ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà, dókítà sì tún bèèrè nǹkan.

"Ó ní kí wọ́n tó ṣubú ńkọ́, Màámi? Ṣé ara wọn ò yá ni? Ṣé wọn ò sọ nǹkan kan?"

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa, mo bi í pé ara ńkọ́.

"Ó ní àlàáfíà ni," ni mo wí. "Mo sì bá a dúpẹ́."